Heathrow sí Haneda, àlọ àti àbọ̀: ìlà-oòrùn la kọjú sí lẹ́ẹ̀mejèèjì

Ìṣẹ́gun, alẹ́ kí a tó gbéra

Àríyànjiyàn ló bí ìwé kékeré yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Tokyo lọ́dún 2019, ó sì ń búra pé wákàtí 12 ò pé tí àwọn fi débẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi ní wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 50 ni. Pápákọ̀ òfuurufú kan náà ni o, Heathrow sí Haneda, ayé ò sì gùn sí i láti 2019. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ló ṣì í kọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Tá a bá fi máa padà dé, a ó ti mọ ibi tí wákàtí méjì náà wọlẹ̀ sí.” Ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun ti sọ tòun. Mo ti kọ ọ́.

Iṣẹ́ ló ń gbé wa lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ò ní sí níbí.

Kí n tó sùn, mo wádìí bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Gbogbo ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí mo bi ló dáhùn ní nǹkan bí 9,600 kìlómítà, àmọ́ wọn ò bára wọn mu tán. Ọ̀kan fi bí ogún kìlómítà ju èkejì lọ. Mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Heathrow wà ní ìwọ̀n 51.47 sí àríwá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ìlà Greenwich gan-an. Haneda wà ní ìwọ̀n 35.55 sí àríwá àti 139.78 sí ìlà-oòrùn. Tí mo bá ka ayé sí bọ́ọ̀lù tó rí roboto, tó jẹ́ 6,371 kìlómítà láti àárín rẹ̀ dé ìta, 9,590 ó lé díẹ̀ ni mo ń rí. Ayé ò kúkú rí roboto. Ó sanra níbàdí: láti àárín dé ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ 6,378, láti àárín dé ìkangun àríwá jẹ́ 6,357. Ẹni tó bá ka ìbàdí yẹn mọ́ ọn, iye tirẹ̀ á lé sí tèmi. Bàálù ò ní lo ìṣẹ́jú méjì lórí ogún kìlómítà, nítorí náà mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo rẹ̀ ò tó ìdámẹ́rin àyíká ayé. Ìwọ̀n 86 ó lé díẹ̀ ni nínú 360. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ń fi máìlì òkun ka tiwọn, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀: máìlì òkun kan jẹ́ 1,852 mítà, òun sì ni ìdá kan nínú ọgọ́ta ìwọ̀n kan lórí ayé. Tí o bá ti mọ iye ìwọ̀n, fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti parí. Ó jẹ́ bí 5,180.

Ti wákàtí wá ńkọ́? Àwọn ojúlé yìí ò mọ afẹ́fẹ́, wọn ò mọ ogun. Ọ̀kan fi iye kan pín jíjìnnà náà, 850 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ó fi ìdajì wákàtí lé e fún ìgbéra àti ìbalẹ̀, ó ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 48. Ẹ̀gbọ́n rí i lórí fóònù mi, ó pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló mú rúlà. Ó gbé e lé máàpù ara ògiri láti Lọ́ńdọ̀nù dé Tokyo, ó ní ọ̀nà tá a máa gbà nìyẹn. Rúlà náà gba òkè Òkun Caspian kọjá, ó gba Kazakhstan, ó la Ṣáínà àti Kòríà já. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé máàpù pẹlẹbẹ ń tan ojú jẹ, pé ọ̀nà tó kúrú jù máa ń tẹ̀ gòkè bí ọrun: ó gba Norway, ó gba àríwá Sweden àti Finland, ó gun òkè títí dé ìwọ̀n 71 létí òkun yìnyín Rọ́ṣíà, kó tó máa já wálẹ̀ gba Siberia. Ìlà rúlà tirẹ̀ gùn ju 11,300 kìlómítà lọ. Mo sọ̀rọ̀ náà bí olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, “O ṣeun, tíṣà. Ọ̀la la máa rí i.”

Ọjọ́rú, Heathrow

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta nìyí, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọlé sínú bàálù. Mo yí aago ọwọ́ mi sí UTC, èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò káàkiri ayé. Lọ́ńdọ̀nù ò tíì fi aago síwájú, nítorí náà UTC àti aago Lọ́ńdọ̀nù ò yàtọ̀ títí di ìparí oṣù yìí. Tokyo fi wákàtí 9 ṣáájú, kì í sì í yí aago padà nígbà kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wákàtí tó fi rìn, kó gbàgbé aago ìlú méjèèjì, kó fi ẹyọ kan ka gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó yọ àkókò ìgbéra kúrò nínú àkókò ìbalẹ̀, tó wá ń sọ fún aráyé pé wákàtí 23 lòun fi jókòó.

Tíkẹ́ẹ̀tì: kúrò ní 19:00, dé ní 17:50 lọ́la. Yọ wákàtí 9 kúrò nínú 17:50, ó di 08:50. Láti 19:00 sí 08:50 jẹ́ wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 50. Òun nìyẹn.

Ohun tí mo kọ:

19:12, bàálù yí kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́. A ti fi ìṣẹ́jú 12 pẹ́.
19:37, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ìṣẹ́jú 25 la fi ń yí lórí ilẹ̀, tá a ń tò tẹ̀ lé ara wa bí èèrà. Rọ́nwéè méjì péré ni Heathrow ní fún gbogbo èrò yẹn. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má ka èyí, pé ìrìn orí ilẹ̀ kì í ṣe fífò. Àmọ́ àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì kà á. Láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti yọ ìdènà kúrò lẹ́sẹ̀ táyà ni wọ́n ti ń kà, títí wọ́n á fi tún fi ìdènà sí i lọ́hùn-ún. Nítorí náà mo la ìlà méjì sínú ìwé: ọ̀kan fún “ìdènà sí ìdènà”, èkejì fún “afẹ́fẹ́ nìkan”. Ẹni méjì lè bára wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́ lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì sì jàre, torí ohun tí kálukú ń kà yàtọ̀.

Wákàtí kan lẹ́yìn ìgbéra, máàpù ojú síkírínì iwájú mi fi hàn pé a ò kọjú sí Norway rárá. Gúúsù ìlà-oòrùn la forí lé. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ìka tọ́ ọ, ó tún wo ojú mi.

Mo mọ ìdí rẹ̀, ó sì dùn mí pé n ò sọ ọ́ lánàá kí n tó ṣe tíṣà. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022, ogun Ukraine pé ọjọ́ kejì, Rọ́ṣíà ti òfuurufú rẹ̀ mọ́ àwọn bàálù ilẹ̀ Brítéènì. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ó kan àwọn orílẹ̀-èdè European Union. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Jàpáánì yà kúrò níbẹ̀ fúnra wọn. Òfuurufú Ukraine náà ti wà ní títì láti ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀. Tí a bá mú Rọ́ṣíà kúrò lórí bọ́ọ̀lù ayé, ọrun tí mo yà fún ẹ̀gbọ́n ti ṣẹ́ láàárín. Ọ̀nà tó kù ni Yúróòpù dé Tọ́kì, Georgia, Azerbaijan, Òkun Caspian, Kazakhstan, Ṣáínà, Kòríà Gúúsù.

Ìyẹn ni pé ọ̀nà rúlà là ń gbà.

Ọjọ́bọ̀, lófuurufú títí dé Haneda

Oòrùn yọ sí wa lórí gúúsù Kazakhstan ní bí 01:50. Ó ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 17:45. Òru wákàtí mẹ́jọ péré la sùn, nígbà tí àwọn tá a fi sílẹ̀ ń sun òru wákàtí 13. Ẹni tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ń sáré pàdé oòrùn ni, nítorí náà òru rẹ̀ ń kúrú. Ẹ̀gbọ́n hanrun la gbogbo rẹ̀ já.

N ò lè sùn, mo ń ka nọ́ńbà. Nígbà tá a kọjá Caspian, ìyára wa sí ilẹ̀ jẹ́ 920 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Lórí ìlà-oòrùn Ṣáínà ó ti di 1,040. Nígbà tí etíkun Jàpáánì yọ, ó kọ 1,110. Ẹ́ńjìnnì ò yí ohùn padà; bàálù náà ò sáré jù bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ láàárín afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń rìn, tó gbé wa dání. Bí ẹni tó ń wakọ̀ ojú omi lórí odò tó ń ṣàn síbi tó ń lọ ni. Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí tí ara mi bá balẹ̀.

17:31 aago Tokyo, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.
17:40, a dúró síbi ìsopọ̀.

Afẹ́fẹ́ nìkan: wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 54. Ìdènà sí ìdènà: wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 28. Ojú síkírínì sọ pé a rin 11,600 kìlómítà ó lé díẹ̀.

Ẹ wò ó. Ìṣẹ́jú 12 la fi pẹ́ kúrò ní Heathrow, síbẹ̀ a fi ìṣẹ́jú 10 yá dé. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò àkókò ti bu ìsúnra sí i, torí wọ́n mọ̀ pé ìtò orí ilẹ̀ lè gùn, afẹ́fẹ́ sì lè má ṣe dáadáa. Ó dára fún wọn, ó sì dára fún èmi náà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n sì ti jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. 11,600 yọ 9,600 kúrò jẹ́ 2,000. Bàálù ń sáré bí 900 láàárín wákàtí kan. 2,000 yẹn ni wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mélòó kan tó sọnù. Mo fi hàn án nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ní, “Ó dáa. Tíkẹ́ẹ̀tì jàre. Rúlà mi ńkọ́?” Mo ní rúlà náà jàre, àmọ́ kò mọ ìdí tó fi jàre. Ó ní ìdí ò kan òun.

Ẹtì

Ara ò sí níbí. Mo jí ní aago méjì òru, ojú mi mọ́ kedere. Wákàtí mẹ́sàn-án là ń bá jà. Kò sí ohun mìíràn tó yẹ ní kíkọ lónìí.

Àbámẹ́ta

Bọ́ọ̀lù ayé kan wà ní yàrá àbáwọlé ilé ìtura wa, ó tóbi tó orí àgbàlagbà méjì. Mo tú òwú kan kúrò létí ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi í wọn ọ̀nà. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Tokyo, tí mo bá fa òwú náà le, òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ̀ lọ sókè sórí àríwá Rọ́ṣíà. N ò ní láti sọ ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n mú òwú náà lọ́wọ́ mi, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń fẹ́ kó dúró sórí Kazakhstan. Kò dúró. Ó ní òwú náà ti gbàbọ̀dè.

Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022 ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní gbogbo ìgbà tí Soviet Union ò jẹ́ kí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ayé gba orí Siberia, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń wá. Lọ́dún 1953, bàálù Comet, tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, ń lo wákàtí 36 láti Lọ́ńdọ̀nù dé Tokyo. Ó ń bà, ó ń gbéra, ó ń bà ní ìlú kan tẹ̀ lé ìkejì gba ìhà gúúsù Éṣíà, síbẹ̀ wọ́n ń yìn ín, torí bàálù tó ṣáájú rẹ̀ ń lo ju wákàtí 80 lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ SAS ṣí ọ̀nà Copenhagen sí Tokyo láti òkè àríwá ayé, wọ́n ń bà ní Anchorage ní Alaska láti bu epo. Lọ́dún 1983, Finnair fò láti Helsinki dé Tokyo láìdúró rárá: wọ́n gba orí ìkangun àríwá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ gba ojú omi tóóró tó wà láàárín Alaska àti Siberia, ní bí wákàtí 13. Mo fi òwú tẹ̀ lé ọ̀nà Finnair yẹn lára bọ́ọ̀lù náà. Ó yí Soviet Union po pátápátá bí ẹni tó ń yẹra fún àgbàlá ọlọ́gbà kan.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ ò gùn bákan náà.

Mo tún rí nǹkan kan nígbà tí mo ń wo tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀: wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 40 ni. Mo rò pé afẹ́fẹ́ tó tì wá wá lèyí tí a ó dojú kọ lọ. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí.

Àìkú, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́

Mo ṣí Flightradar24, ojúlé tó ń fi àwọn bàálù tó wà lófuurufú hàn lórí máàpù, lórí fóònù, mo jókòó tì í fún wákàtí bí i méjì. Ẹ̀gbọ́n ní mo ti ya wèrè. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí i. Bàálù àwọn ará Ṣáínà ṣì ń la orí Siberia kọjá sí Yúróòpù ní tiwọn, ẹnikẹ́ni ò tì wọ́n síta. Àwọn tó ń ti Tokyo lọ sí Yúróòpù pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gba ọ̀nà tá a gbà wá, wọ́n ń padà láti orí Ṣáínà àti Kazakhstan. Àwọn mìíràn ń gbéra ní Haneda, wọ́n ń kọjú sí òkun ńlá Pàsífíìkì! Wọ́n ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń kọ ẹ̀yìn sí i. Mo wo nọ́ńbà bàálù tí a ó wọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ti àná tó ní nọ́ńbà yẹn gba Alaska.

Ìdí ni afẹ́fẹ́. Lókè, níbi tí bàálù ń fò, odò afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn yí ayé ká. Orí Jàpáánì wà lára ibi tó ti le jù lágbàáyé nígbà òtútù. Ó lè sáré ju 300 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ. Ooru ìhà ìlà agbedeméjì àti òtútù ìhà àríwá ni wọ́n pàdé tí wọ́n ń tì í, yíyí tí ayé ń yí ló sì ń tẹ̀ ẹ́ sí ìlà-oòrùn. Ọmọ Jàpáánì kan, Wasaburo Oishi, ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n dáadáa láàárín ọdún 1920 sí 1930. Ó ń fi bàlúùnù kékeré ránṣẹ́ sókè láti Tateno, kò jìnnà sí Tokyo, ó ń fi awò-awọ̀nàjíjìn tẹ̀ lé wọn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1926, àmọ́ Esperanto, èdè àtọwọ́dá kan, ló fi kọ ọ́, kí gbogbo ayé lè kà á. Gbogbo ayé ò kà á. Nígbà tó di 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń wa bàálù ajubọ́ǹbù B-29 dé orí Jàpáánì, wọ́n bá afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn, ìdágìrì dé bá wọn. Ìwé ti wà nílẹ̀ fún ọdún 18.

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó gbé wa ṣe ìṣirò tirẹ̀: kàkà kí bàálù padà gba orí Ṣáínà, kí afẹ́fẹ́ náà máa gbá a lójú, ó sàn kó tẹ̀ síwájú sí ìlà-oòrùn, kó yí òkè ayé ká. Ilẹ̀ tó máa rìn pọ̀ sí i, àmọ́ odò náà á máa ṣàn tẹ̀ lé e títí dé ibi tó bá ti yà sí àríwá.

Ajé

Iṣẹ́ nìkan. N ò kọ nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, Haneda

11:20 aago Tokyo, bàálù yí kúrò. Ìyẹn 02:20 UTC.
11:38, ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Rọ́nwéè mẹ́rin ni Haneda ní, ó jókòó sí etí omi Tokyo, ó sì sún mọ́ àárín ìlú ju Narita, pápákọ̀ Tokyo kejì, lọ jìnnàjìnnà. Lófuurufú, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Lórí ilẹ̀, Narita lè jẹ́ wákàtí kan sí i lọ́wọ́ rẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì á kàn kọ “Tokyo” fún méjèèjì, bí ẹni pé ìyẹn ti tó.

Bàálù yí imú sí ìlà-oòrùn àríwá. Ẹ̀gbọ́n wo síkírínì, ó wo mí. “Àbúrò, Lọ́ńdọ̀nù wà lẹ́yìn wa.” Mo ní mo mọ̀. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé bàálù tiwa la wọ̀. Ìyára wa ti di 1,070. Odò náà ti gbé wa.

Wákàtí mẹ́rin ò pé lẹ́yìn tá a gbéra, oòrùn wọ̀. Ọ̀sán gangan la kúrò ní Tokyo, ká tó jẹun tán òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti di alẹ́. Ní bí 07:00 UTC, a kọjá ìlà ọjọ́ lórí Òkun Bering.

Ajé, ẹ̀ẹ̀kejì

Mo ní n ò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ Ajé. Ó ti padà wá bá mi.

Ní kété tí a kọjá ìlà yẹn, ọjọ́ tá a wà yí padà láti Ìṣẹ́gun sí Ajé alẹ́. Mo jí ẹ̀gbọ́n kí n lè sọ fún un. Ó ní ṣé wọ́n máa san owó iṣẹ́ òní lẹ́ẹ̀mejì fún òun, ó sì padà sùn. Kò sí ohun tó yí padà nínú bàálù. Aago UTC ọwọ́ mi ń lọ bó ṣe ń lọ. Ìlà náà kì í ṣe ohun tí ojú lè rí. Àdéhùn aráyé ni, kò sì tọ́ rárá: ó yẹ kó tẹ̀ lé ìwọ̀n 180, àmọ́ ó ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún kó má baà pín orílẹ̀-èdè kan sí ọjọ́ méjì. Tí kò bá sí i, ẹni tó bá yí ayé po sí ìlà-oòrùn, tó ń fi aago rẹ̀ síwájú ní gbogbo ìlú tó dé, á padà délé pẹ̀lú ọjọ́ kan lé lórí ti àwọn ará ilé.

Alaska wà nísàlẹ̀ wa, òkùnkùn biribiri. Síkírínì sọ pé òtútù ìta jẹ́ 63 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé epo bàálù tí wọ́n ń pè ní Jet A-1 lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní 47 sísàlẹ̀ òdo. Ohun tó ń gbani ni ìyára. Bàálù ń gbá afẹ́fẹ́ náà pọ̀ mọ́ra níwájú rẹ̀, gbígbá yẹn sì ń mú un móoru: afẹ́fẹ́ tó jẹ́ 63 sísàlẹ̀ òdo á fi bí 33 sísàlẹ̀ òdo kan ara rẹ̀. Bí ìta bá wá tutù kọjá bó ṣe yẹ, awakọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lọ síbi tó móoru, tàbí kó fi kún ìyára. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń sáré nínú òtútù ni òtútù ń mú jù.

Ajé yẹn ò ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ. Ní 09:00 UTC, aago Alaska lu agogo méjìlá òru.

Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀kejì

Mo rí iná àríwá, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn lójú ọ̀run lóru níhà òkè ayé! Ewé tútù ni àwọ̀ rẹ̀, ó ń gbọ̀n bí aṣọ tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́, lápá òsì bàálù. N ò jí ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n má jí òun mọ́ nítorí kàlẹ́ńdà.

Ìyára ti já sí 870. Odò ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn wa, lóke níbí afẹ́fẹ́ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn erékùṣù àríwá Kánádà kọjá lábẹ́ wa nínú òkùnkùn, n ò rí ọ̀kankan. Ní nǹkan bí 12:05, lórí omi tó wà láàárín Kánádà àti Greenland, ọ̀run pọ́n níwájú. Òru wákàtí mẹ́fà ò pé ni. Greenland gba gbogbo fèrèsé: yìnyín, yìnyín, òkè dúdú kan tó yọrí jáde, yìnyín. Fún wákàtí tó lé ní kan kò sí ohun mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ Iceland, lẹ́yìn rẹ̀ ìkùukùu, mo sì mọ̀ pé a ti sún mọ́lé.

Lókè Bovingdon, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní ká máa yí. Ibi mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni Heathrow ní tí àwọn bàálù ti ń yí roboto lórí ara wọn títí ó fi kàn wọ́n. Ìṣẹ́jú 12 la fi yí. Ká ti rin ilẹ̀ tó jìn tó báyìí, ká wá máa yí lókè pápá!

16:43, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.
16:52, a dúró.

Afẹ́fẹ́ nìkan: wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 5. Ìdènà sí ìdènà: wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 32. Ilẹ̀ tá a rìn: 12,400 kìlómítà. Oòrùn Ìṣẹ́gun tó wọ̀ lójú wa lórí Pàsífíìkì ṣì wà lókè ní Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì wọ̀.

Nígbà tá a tò síbi ìwé ìrìnnà, ẹ̀gbọ́n gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ mi, ó ka gbogbo rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀ ro ó pọ̀. 24,000 kìlómítà, wákàtí 27 dín ìṣẹ́jú kan lófuurufú, a ò sì yí imú padà sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní, “Nítorí náà, a ti yí ayé po.” Mo ní rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Àyíká ayé níbàdí jẹ́ 40,075. Àjọ FAI, tó ń kọ àkọsílẹ̀ fún àwọn tó ń fò, ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbà pé òun yí ayé po gbọ́dọ̀ rìn ó kéré tán 36,787 kìlómítà. Orí ayé nìkan la yí po, bí ẹni tó dé fìlà.

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yí ayé po. Mo ti kọ ọ́.